Sùúrù Tí A Kọ Sílẹ̀ Kí Ọjà Tó Dẹnu Kọlẹ̀

Nígbàkígbà tí iye owó ìpín ìdókòwò bá já wálẹ̀, ìmọ̀ràn kan náà ni gbogbo ènìyàn máa ń gba ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀: wọ́n á ní kó ṣe sùúrù. Ìmọ̀ràn náà kò burú, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó dé, ẹni tí wọ́n sì ń gbà nímọ̀ràn kì í sábà mọ ohun tí òun ń ṣe sùúrù dè. Bí a bá dúró di ọjọ́ tí ọjà dàrú kí a tó máa wá sùúrù kiri, ẹ̀rù á ti gba àyè rẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé sùúrù olùdókòwò ọlọ́jọ́ pípẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tó yẹ kí a ti ṣe parí lórí ìwé nígbà tí ara ṣì tù wá, tí owó ń wọlé, tí ìròyìn sì dára. Nígbà tí ìṣòro bá dé, kò ní ku ohun púpọ̀ fún wa láti ṣe ju kí a ṣí ìwé náà, kí a ka ohun tí a fi ọwọ́ ara wa kọ, kí a sì tẹ̀ lé e.

Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ń ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́, tàbí tó ń fi owó sínú àpapọ̀ owó ìdókòwò, pẹ̀lú owó tí kò ní nílò fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán. Ẹni tó ń rà láàárọ̀ tó sì ń tà lálẹ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, n kò ní dá sí i.

Ìtàn ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó wà nínú ìwé náà, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí ọjà ṣe ti ṣubú rí yóò rò pé èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lójú òun ni òpin gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1987, òṣùwọ̀n Dow Jones, tí wọ́n fi ń wọn bí ọjà ìpín ṣe ń lọ ní Amẹ́ríkà, pàdánù ìdá 22.6 nínú 100 láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò tíì sí ọjọ́ mìíràn tó burú tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn òṣùwọ̀n náà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí nìkan yóò rò pé ọdún ìparun ni ọdún náà jẹ́ fún ẹni tó ní ìpín lọ́wọ́, àmọ́ nígbà tí ọdún 1987 fi máa parí, òṣùwọ̀n náà fi díẹ̀ ga ju ibi tó wà nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2007 sí oṣù Kẹta ọdún 2009, òṣùwọ̀n S&P 500, tó kó nǹkan bí 500 ilé-iṣẹ́ ńláńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà pọ̀, sọ nǹkan bí ìdá 57 nínú 100 nù, ó sì di oṣù Kẹta ọdún 2013 kó tó padà sí góńgó tó ti ṣubú. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ẹ̀wẹ̀, òṣùwọ̀n kan náà já wálẹ̀ pẹ̀lú ìdá 34 nínú 100 láàárín ọjọ́ 19 oṣù Kejì sí ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2020, ṣùgbọ́n oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kò tíì parí tó fi kọjá góńgó rẹ̀ àtijọ́. Ọ̀kan gba ọdún márùn-ún ó lé, èkejì gba nǹkan bí oṣù mẹ́fà, kò sì sí ẹni tó wà láàárín èyíkéyìí nínú wọn tó lè sọ irú èyí tí òun wà nínú rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé nípa ìdókòwò máa ń dúró sí. Wọ́n á ní ọjà máa ń padà bọ̀ sípò, pé kí a sáà mú sùúrù. Èmi kò lè dúró síbẹ̀, nítorí ìtàn méjì wà tí ẹni tó bá ń wàásù sùúrù kò gbọ́dọ̀ fò kọjá.

Àkọ́kọ́ ni ti ọdún 1929. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, òṣùwọ̀n Dow Jones wà ní 381. Ní oṣù Keje ọdún 1932, ó ti di 41, èyí tó túmọ̀ sí pé nǹkan bí ìdá 89 nínú 100 ti lọ. Oṣù Kọkànlá ọdún 1954 ló tó tún fojú kan ibi tó wà ní ọdún 1929. Lóòótọ́, òṣùwọ̀n náà kò ka èrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn onípìn-ín mọ́ ọn, iye owó ọjà gbogbo sì tún já wálẹ̀ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, nítorí náà ẹni tó ń fi èrè tó ń gbà ra ìpín sí i bọ́ nínú àdánù rẹ̀ ṣáájú ọdún 1954 dáadáa. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni. Èkejì, tó tiẹ̀ ń dùn mí jù, ni ti ilẹ̀ Japan. Òṣùwọ̀n Nikkei 225 dé 38,915 ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1989, lẹ́yìn èyí ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, kò sì kọjá góńgó yẹn títí di ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2024. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà ti pé ẹni ọdún 34. Ẹni tó bá kó gbogbo owó rẹ̀ sínú ọjà náà lọ́jọ́ kan yẹn, tó sì ní sùúrù bí òkúta, sùúrù rẹ̀ kò gbà á sílẹ̀.

Kí ni ì bá gbà á? Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù ló ń rà, láti ọdún púpọ̀ ṣáájú àti fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, púpọ̀ nínú ìpín rẹ̀ ni ì bá ti rà ní owó pọ́ọ́kú, èrè tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún ì bá sì ti máa ra òmíràn kún un. Bí ó bá jẹ́ pé ó ní ìpín ní orílẹ̀-èdè mìíràn pẹ̀lú, ohun tó ń bàjẹ́ níbì kan kò ní mú gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọ̀rọ̀ náà sì bá olùdókòwò mu ju bí wọ́n ṣe lérò lọ. Ohun kẹta, èyí tó ṣòro jù láti ṣe, ni pé kó ti fura nígbà tí iye owó ìpín ti ga kọjá ohun tí èrè àwọn ilé-iṣẹ́ náà lè gbé. Ìdí nìyí tí ìlà kan nínú ìwé mi fi sọ pé àkójọ ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé, tí mò ń rà ní ìwọ̀nba lóṣooṣù, ni mo ní sùúrù fún. N kò ṣèlérí irú sùúrù bẹ́ẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tàbí fún orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, kódà bí ó jẹ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù.

Lẹ́yìn ìtàn, ohun tó kàn ni wíwò. Nínú àwọn ọjọ́ tí ọjà ìpín Amẹ́ríkà ń ṣí, iye ọjọ́ tó ń parí sí òkè fi díẹ̀ lé ní ìdajì, èyí tó kù sì jẹ́ ọjọ́ àdánù. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọdún wò ó, nǹkan bí ọdún mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń parí sí èrè. Ẹ fi èyí wo ènìyàn méjì tí owó wọn dọ́gba, tí wọ́n ra ohun kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó ń ṣí áàpù rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò bá àdánù pàdé ní nǹkan bí ìdajì gbogbo ìgbà tó bá ṣí i, nígbà tí ẹni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yóò bá a pàdé ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin. Owó wọn kò yàtọ̀ rárá, ìrírí wọn ló yàtọ̀.

Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré, nítorí bí a ṣe dá ọmọ ènìyàn ni pé àdánù máa ń dùn ún ju bí èrè tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ ṣe ń múnú rẹ̀ dùn. Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ ènìyàn, kọ èyí sínú iṣẹ́ wọn tó jáde ní ọdún 1979, ọ̀pọ̀ ìwádìí tó tẹ̀ lé e sì fi hàn pé ìrora náà máa ń tó ìlọ́po méjì ayọ̀ náà. Ní ọdún 1995, Shlomo Benartzi àti Richard Thaler, àwọn onímọ̀ nípa ọrọ̀ ajé, wá so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀: bí ènìyàn bá kórìíra àdánù, tó sì ń yẹ owó rẹ̀ wò nígbà gbogbo, yóò máa sá fún ìpín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpín ni ì bá ṣe é láǹfààní jù bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Ẹni tí ohun tó ń rí ń dùn ún lójoojúmọ́ yóò wá ohun kan ṣe sí i dandan, ohun tó sì wà níwájú rẹ̀ kò ju bọ́tìnì títà àti bọ́tìnì rírà lọ.

Iye tí títà àti rírà yìí ń ná ènìyàn kò fara sin mọ́. Àwọn olùwádìí méjì, Brad Barber àti Terrance Odean, ṣe àyẹ̀wò àkáùntì ìdílé 66,465 tí wọ́n ń lo alágbàtà ọjà kan ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1991 sí 1996. Nígbà tí ọjà lápapọ̀ ń mú èrè ìdá 17.9 nínú 100 wá lọ́dún, àwọn tó ń tà tí wọ́n ń rà jù nínú àwọn ìdílé náà rí ìdá 11.4. N kò rò pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ nípa ilé-iṣẹ́ ju èmi lọ, kí wọ́n ka ìròyìn jù mí lọ, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń san lórí títà àti rírà kọ̀ọ̀kan ló gbé èrè wọn lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé alágbàtà kì í fi bẹ́ẹ̀ jèrè lórí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́. Bí áàpù bá ń dún létí yín pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tí ariwo náà wà fún. Èmi ti pa tèmi lẹ́nu mọ́ lórí fóònù. Ìgbà tí mo bá fẹ́ fi owó kún un, àti ìparí ọdún, ni mo máa ń wọ inú àkáùntì náà.

Ẹnìkan lè sọ pé òun kò ní máa tà á lójoojúmọ́, pé òun yóò kàn jáde nígbà tí ìjì bá ń jà, òun yóò sì padà wọlé nígbà tó bá rọlẹ̀. Ó dà bí ọgbọ́n, àmọ́ ọjọ́ tó dára jù àti ọjọ́ tó burú jù sábà máa ń fara kọ́ra. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 2020, S&P 500 já wálẹ̀ pẹ̀lú ìdá 9.5 nínú 100. Lọ́jọ́ kejì gan-an ló gòkè pẹ̀lú ìdá 9.3, ní ọjọ́ 16 ó tún ṣubú pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 12, nígbà tó sì di ọjọ́ 24, ọjọ́ kejì èyí tó rẹlẹ̀ jù, ó fò sókè pẹ̀lú ìdá 9.4. Ẹni tó tà lọ́jọ́ 16 kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ kò ní rí ìròyìn ayọ̀ kankan lọ́jọ́ 24 tí yóò sọ fún un pé kó padà. Àwọn ilé-ìwòsàn ṣì kún, àwọn ilé ìtajà ṣì wà ní títì pa. Ọjà kì í dúró de ìròyìn rere kó tó gbéra. Ìrora jíjáde jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ìpinnu láti padà wọlé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí ṣe, nítorí ó máa ń jọ pé ó ti ga jù fún ẹni tó tà ní pọ́ọ́kú.

Ìtàn kan wà nípa Warren Buffett, gbajúmọ̀ olùdókòwò ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí mo fẹ́ràn ju gbogbo èyí tí wọ́n ń sọ nípa ọrọ̀ rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó ra ìpín àkọ́kọ́ ní ọdún 1942, mẹ́ta fún ara rẹ̀ àti mẹ́ta fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Doris, nínú ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Cities Service. Nǹkan bí dọ́là 38 ni wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tó fi di dọ́là 27, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gbádùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí ó ṣe padà gòkè dé 40 báyìí, ọmọ náà tà á, ó fi ẹ̀mí ìtura gba èrè kékeré rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìpín náà gòkè títí dé nǹkan bí dọ́là 200. Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé nígbà tí ó tà, kò sí ohun tuntun tó gbọ́ nípa ilé-iṣẹ́ náà. Iye tó rà á àti ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pinnu fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń tà lónìí nítorí ojú ẹlòmíràn, yálà ojú ìyàwó, ojú ọkọ, tàbí ojú ọ̀rẹ́ tó ní òun ti jáde.

Nígbà tí ọmọ náà wá dàgbà, ìpín ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Berkshire Hathaway, já wálẹ̀ lọ́nà tó bani lẹ́rù ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe tò ó sínú lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn onípìn-ín: nǹkan bí ìdá 59 nínú 100 láàárín ọdún 1973 sí 1975, ìdá 37 láàárín oṣù kan ṣoṣo ní ọdún 1987, ìdá 49 láàárín ọdún 1998 sí 2000, àti ìdá 51 láàárín ọdún 2008 sí 2009. Ẹni tó bá ń jowú àwọn tó ra Berkshire láyé àtijọ́, kó bi ara rẹ̀ bóyá ì bá lè la ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin kọjá láìtà.

Ṣùgbọ́n, mo gbọ́dọ̀ dá ara mi dúró níbí, nítorí ìtàn ẹni tó borí máa ń dùn ún sọ, ti ẹni tó ṣègbé kì í sì rí ẹni sọ ọ́. Láàárín ìparí ọdún 1999 sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ìpín Amazon, ilé-iṣẹ́ tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàdánù ohun tó lé ní ìdá 90 nínú 100. Ní ọdún 2001 kan náà, ìpín Enron, ilé-iṣẹ́ agbára kan ní Amẹ́ríkà, ń já wálẹ̀ láti oṣù dé oṣù, títí tí gbèsè fi wó ilé-iṣẹ́ náà ní oṣù Kejìlá. Ẹni tó ń wo iye owó nìkan kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ìlà pupa tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni méjèèjì. Inú ilé-iṣẹ́ ni ìyàtọ̀ wà. Owó tí Amazon ń pa lórí ọjà títà ń pọ̀ sí i lọ́dún náà, nígbà tó sì di oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn rẹ̀, ó jèrè fún ìgbà àkọ́kọ́. Enron ní tirẹ̀ ti ń fi gbèsè pamọ́, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá, ó jẹ́wọ́ pé àwọn èrè tí òun ti kéde fún ọdún púpọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Sùúrù fún Enron kò yàtọ̀ sí orí kunkun.

Kí n má baà jẹ́ kó dà bí ẹni pé ó rọrùn láti mọ̀ ọ́n nígbà náà: Pets.com àti Webvan náà ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní àwọn tó gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2000, èkejì kógbá wọlé ní ọdún 2001. Nítorí èyí ni mo ṣe gbà pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kíka ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ yóò sàn jù bó bá ra àpapọ̀ owó tó ń tọ òṣùwọ̀n kan lẹ́yìn, níbi tí ilé-iṣẹ́ tó ń kú ti ń jáde fúnra rẹ̀, tí èyí tó ń dàgbà sì ń wọlé dípò rẹ̀. Sùúrù rẹ̀ á wà fún iṣẹ́ àti ọgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn lápapọ̀, kò ní wà lórí orí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan.

Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ kan pàtó, kó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kó tó san owó. Ohun tí mo máa ń kọ kì í gùn. Mo máa ń kọ ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń tà àti ìdí tí mo fi rò pé àwọn ènìyàn yóò ṣì máa rà á ní ọdún mẹ́wàá sí i. Iye gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Àti ohun tí mo bá rí tí yóò jẹ́ kí n tà á. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù, òfin kan ṣoṣo tí mo sì fi de ara mi lórí rẹ̀ ni pé iye owó ìpín kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Mo lè kọ pé n ó tà bí gbèsè rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì láìsí ìdí tó ṣe gúnmọ́, tàbí bí àwọn olùṣàyẹ̀wò ìwé ìṣirò rẹ̀ bá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, tàbí bí ó bá lọ dáwọ́ lé òwò tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. N kò lè kọ pé n ó tà bí ó bá já wálẹ̀ pẹ̀lú ìdá 20. Bí ó bá já wálẹ̀ láìsí èyíkéyìí nínú ohun tí mo kọ, a jẹ́ pé n kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ owó tí ènìyàn yóò nílò láìpẹ́ kò gba àlàyé gígùn. Owó ilé, owó ilé-ẹ̀kọ́, owó pàjáwìrì tó tó ná fún oṣù bíi mélòó kan, àti gbèsè tí èlé rẹ̀ ga, kí gbogbo wọn ti rí ojútùú kí ènìyàn tó ra ìpín kankan. Ẹni tí ebi tàbí onílé lè fipá mú tà kò lè mú sùúrù, bó ti wù kó gbọ́n tó.

Ohun tó yẹ kí ojú wa wà lára rẹ̀ dípò iye owó ojoojúmọ́ ni àkókò àti owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa. Bí 100 bá ń mú ìdá 8 nínú 100 wá lọ́dún, tí a kò sì mú èrè náà kúrò, yóò di nǹkan bí 216 lẹ́yìn ọdún 10, 466 lẹ́yìn ọdún 20, àti 1,006 lẹ́yìn ọdún 30. Ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ fi 116 kún un, ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn fi 540 kún un. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ọdún kejìlá nítorí pé kò rí nǹkan ńlá kò tíì dé ibi tí nǹkan ńlá wà. Bí olùtọ́jú owó bá wá ń gba ìdá kan péré nínú 100 lọ́dọọdún, tí èrè wa fi di ìdá 7, iye tí yóò kù ní ìparí ọdún 30 ni 761. Ìdá kan tí kò jọ ohun kan lójú ti gbé nǹkan bí ìdámẹ́rin gbogbo owó náà lọ.

Buffett fi ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ yìí ta tẹ́tẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là, tí owó náà yóò lọ fún iṣẹ́ àánú. Ó ní àpapọ̀ owó lásán tó ń tọ S&P 500 lẹ́yìn yóò borí, láàárín ọdún 2008 sí 2017, àkójọ márùn-ún tí ilé-iṣẹ́ Protégé Partners bá yàn nínú àwọn tí àwọn ògbóǹtarìgì ń ṣàkóso ní owó gọbọi. Ọdún àkọ́kọ́ burú fún un: àpapọ̀ owó tó gbà gbọ́ pàdánù ìdá 37 nínú 100, gbogbo márààrún sì ṣe dáadáa jù ú lọ. Bí ó bá jẹ́ pé a lè fi ọdún kan dájọ́, ó ti fìdí rẹmi nìyẹn. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá pé, tirẹ̀ ti mú èrè ìdá 125.8 wá lápapọ̀, èyí tó dára jù nínú márùn-ún náà mú ìdá 87.7 wá, èyí tó kéré jù sì mú ìdá 2.8.

Irú àpapọ̀ owó bẹ́ẹ̀ kò wu ẹnikẹ́ni nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ní ọdún 1976, John Bogle ti ilé-iṣẹ́ Vanguard gbé èyí àkọ́kọ́ tó wà fún gbogbo ènìyàn jáde, ó ń retí mílíọ̀nù 150 dọ́là, nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ló rí. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé ta ni yóò fẹ́ èrè tí kò ju ti gbogbo ọjà lọ. Mo máa ń rántí èyí nígbà tí ẹnìkan bá ń sọ fún mi nípa ohun tuntun tó ti sọ aládùúgbò rẹ̀ di olówó, nítorí èrè ẹlòmíràn ló máa ń tú ìfọkànsí ká jù, ó tiẹ̀ burú ju ẹ̀rù lọ. Ẹ̀rù máa ń dé lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mélòó kan. Ìlara kì í sinmi. Òṣùwọ̀n Nasdaq, tó kún fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dé 5,048 ní oṣù Kẹta ọdún 2000 nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sáré wọ inú rẹ̀ lórí ìròyìn irú èrè bẹ́ẹ̀, ó di 1,114 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2002, ọdún 2015 ló sì tó padà kọjá góńgó yẹn. Àwọn tó sáré wọlé gbẹ̀yìn ni wọ́n dúró pẹ́ jù.

Mo mọ̀ pé àwọn ìgbà wà tí títà tọ́. Bí ìdí tí a kọ sílẹ̀ bá ti wó, kí a tà, kódà bí iye owó bá ń gòkè. Bí apá kan nínú owó wa bá ti wú jù, tó fi jẹ́ pé ìpín ti gba àyè tó yẹ kó jẹ́ ti bọ́ǹdì (owó tí a yá ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ kí wọ́n lè máa san èlé) tàbí ti owó tó wà ní báńkì, kí a gé díẹ̀ nínú rẹ̀ kí a fi ra ohun tó ti kéré jù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tó fún èyí. Bí ọjọ́ tí a fẹ́ ná owó bá sì ti ń súnmọ́, ẹni tó ku ọdún mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì kò gbọ́dọ̀ máa pe ara rẹ̀ ní olùdókòwò ọlọ́jọ́ pípẹ́ mọ́ lórí owó tí yóò jẹ ní ọdún àkọ́kọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, bó ti wù kí owó náà ti pẹ́ tó nínú ọjà. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa kó apá yẹn kúrò, ní ìdá kan náà lọ́dọọdún, yálà ọjà ga tàbí ó rẹlẹ̀, kó sì fi ìyókù, èyí tí kò ní nílò títí di ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, sílẹ̀ níbi tó wà.